Páìpù Oníke: Bí Ilé Kọ̀ọ̀kan Ṣe Di Iléeṣẹ́ Omi

Ẹ wo ilé èyíkéyìí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Èkó, Kánò tàbí Port Harcourt, ẹ óò rí páìpù oníke tí wọ́n ti tò sára ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ó ti mọ́ wa lára débi pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bó ṣe débẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní sísọ, nítorí inú rẹ̀ ni ìtàn omi ìjọba wa wà.

Kí ike tó dé, òjé àti irin ló ń gbé omi. Òjé ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ṣe páìpù. Láti ara plumbum, orúkọ tí wọ́n ń pe òjé, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tí wọ́n fún plọ́mbà. Irin ni àwọn amúnisìn gbé wá sí Èkó. Nígbà tí Gómìnà Walter Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, tó sì ní kí ará ìlú san owó rẹ̀, àwọn ọmọ Èkó yarí. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé kànga tó àwọn, àti pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ náà yóò ṣe láǹfààní jù. Síbẹ̀, omi Ìjù ṣàn wọ Èkó, nígbà tó sì di 1916, ìjà owó omi tún bẹ́ sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni ọ̀rọ̀ páìpù.

Ilẹ̀ Jámánì ni Eugen Baumann ti ṣèèṣì rí PVC ní 1872, àmọ́ ó di nǹkan bí ọdún 1935 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe páìpù omi níbẹ̀. Ní 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ICI ní England, rí polyethylene, èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù dúdú tó ṣeé ká bí okùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, méjèèjì tàn káyé.

Ẹni tó bá ti gbé páìpù irin rí mọ ìdí tí ike fi borí. Irin wúwo, ó ń dípẹtà, omi inú rẹ̀ á sì pọ́n. Ike fúyẹ́, ayùn àti gọ́ọ̀mù ti tó láti so ó pọ̀. Ó ní àléébù tirẹ̀: oòrùn ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó ń tètè sán, omi gbígbóná sì ń rọ PVC lásán. Ìdí nìyẹn tí plọ́mbà tó mọṣẹ́ fi ń lo CPVC tàbí PPR níbi tí hítà bá wà.

Ṣùgbọ́n àsìkò tí ike pọ̀ lọ́jà wa ni omi ìjọba ń kú lọ. Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ kò rówó ra kẹ́míkà àti dísù, wọn ò sì lè tún páìpù tó ti jẹrà ṣe. Àwọn tó lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Páìpù tó wọlẹ̀, èyí tó gbómi sókè, títí kan tánkì, ike ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1990, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìlú ńlá Nàìjíríà ló ní omi ẹ̀rọ nínú ilé tàbí àgbàlá wọn. Nígbà tó fi di 2015, wọn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́.

Ẹ̀bi ike kọ́. Irú páìpù kan náà wà ní Senegal, níbi tí wọ́n ti tún ètò omi ìlú ṣe ní 1996, ó sì wà ní Burkina Faso lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ ONEA. Lọ́hùn-ún, wọ́n fi so ilé àwọn tálákà mọ́ páìpù ìlú ní owó pọ́ọ́kú. Níbí, a fi so ilé mọ́ kànga ara rẹ̀.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ta ló ń yẹ omi inú kànga ẹ̀rọ wò nígbà tí ṣáláńgá aládùúgbò kò jìnnà sí i? Páìpù tó gba inú gọ́tà kọjá ńkọ́? Bí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ bá là, tí omi ò sì sáré nínú rẹ̀, ẹ̀gbin á wọlé. Ní 2021, àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó ju 3,000 lọ ní Nàìjíríà. Ọgbà tí a mọ yí ilé ká kò lè dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró.

Àwọn ará Èkó ọdún 1908 bínú nítorí owó omi. Lónìí, à ń san ju ìyẹn lọ: owó gbígbẹ́ kànga, owó ẹ̀rọ tó ń fa omi, owó epo jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní owó orí, nítorí náà a ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló fi ṣe. Àwọn bàbá wa béèrè ẹni tí yóò sanwó àti ẹni tí yóò jàǹfààní. Ó yẹ kí àwa náà bi àwọn gómìnà wa bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Páìpù inú ilé wa ti dára. Èyí tó yẹ kó so ó mọ́ ti aládùúgbò wa ni kò sí.