Sítímà Ìgbafẹ́ ní Odò Clyde àti Ìjà lórí Ọjọ́ Ìsinmi Òṣìṣẹ́, 1812 sí 1975

1. Ìfáárà

Nínú ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà, ohun èlò òwò àti ti ìjọba amúnisìn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkàwé mọ sítímà sí. Bí orúkọ Quorra àti Alburkah, àwọn ọkọ̀ tí MacGregor Laird kó wọ Odò Ọya ní 1832, bá ti jẹ yọ, ọkàn a máa lọ sí ọ̀rọ̀ epo pupa, eyín erin àti ìjẹgàba. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá, sítímà ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí. Òun ni ó ń gbé òṣìṣẹ́ jáde kúrò nínú èéfín ìlú lọ sí etí òkun láti gba afẹ́fẹ́, tí ó sì ń dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sítímà tí ọ̀rọ̀ bá nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọkọ̀ ojú omi tí agbára ooru omi tí ń hó ń wà, tí ó sì ní àgbá àjẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú omi jinlẹ̀. Ó lè tètè dúró, ó sì lè tètè fà sẹ́yìn. Nítorí náà ni ó fi yẹ fún etíkun tí omi rẹ̀ kò jìn, tí àwọn èbúté rẹ̀ sì sún mọ́ ara wọn.

Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ni ó dá ìrìn-àjò ìgbafẹ́ sílẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà tán. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àsìkò tí ó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó sọ sítímà di ọkọ̀ ìgbafẹ́ gbogbo ènìyàn, àti pé ìjà lórí ta ni ó ni àsìkò náà ni òpó tí ó gbé ìtàn yìí ró. Odò Clyde ní ilẹ̀ Scotland ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni òwò náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ti jáde.

2. Henry Bell àti Ìbẹ̀rẹ̀ Òwò Náà

Ní oṣù Kẹjọ 1812, Henry Bell kéde pé ọkọ̀ òun, Comet, yóò máa ná Glasgow, Greenock àti Helensburgh. John Wood ni ó kan ọkọ̀ náà ní Port Glasgow. John Robertson ni ó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Òun ni sítímà àkọ́kọ́ tí ó fi èrò kíkó ṣe òwò ní ilẹ̀ Yúróòpù tí òwò náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí ó sún Bell dé ìdí rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìtura kan ní Helensburgh, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá wẹ nínú omi òkun fún ìlera. Àlejò ni Bell ń wá. Ọkọ̀ ni ó fi ń wá wọn. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá ni ìgbafẹ́ àti sítímà ti jọ ń rìn.

Síbẹ̀, ìgbafẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ ni. Ṣílè mẹ́rin ni owó yàrá tí ó dára jù nínú Comet, ṣílè mẹ́ta sì ni owó èkejì. Èyí kì í ṣe owó tí ahunṣọ tàbí awakùsà lè yọ sílẹ̀ fún eré. Ìgbà tí ọkọ̀ di púpọ̀, tí àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ni owó ọkọ̀ tó wálẹ̀. Comet fọ́ ní Craignish ní 1820, ṣùgbọ́n òwò náà kò bá a lọ. Láti 1815 ni Margery, ọkọ̀ tí a kàn ní Clyde, ti ń kó èrò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Gravesend lórí odò Thames.

3. Ọjọ́ Wo ni Òṣìṣẹ́ Ní?

Owó ọkọ̀ tí ó wálẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, tí ó sì jáde ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò ní ọjọ́ tí yóò fi rìnrìn-àjò. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1850 ni ó pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ṣíwọ́ ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ní Glasgow, àkókò ayẹyẹ ọjà ọdọọdún, tí wọ́n ń pè ní Glasgow Fair, ní oṣù Keje, ni ìsinmi tí ó gùn jù. Àwọn ilé iṣẹ́ a ti ilẹ̀kùn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a sì wọ sítímà lọ sí Dunoon, Largs àti Rothesay.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọjà náà, ọ̀sán Sátidé sì kúrú. Ọjọ́ odindi kan ṣoṣo tí ó kù fún òṣìṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ Ìsinmi. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

4. Ìjà Èbúté Garelochhead, 1853

Àwọn ìjọ Presbyteria ní Scotland kò fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ṣeré. Agbára wọn hàn ní 1846, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ń ná Edinburgh sí Glasgow dá èrò kíkó dúró ní ọjọ́ náà. Ní 1853, àwọn tí ó ni sítímà Emperor bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Glasgow lọ sí Garelochhead ní ọjọ́ Ìsinmi. Sir James Colquhoun ti Luss, ẹni tí ó ni ilẹ̀ agbègbè náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó kó àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ jọ sí orí afárá èbúté láti dí ọ̀nà. Àwọn èrò àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò padà. Wọ́n fi agbára já wọ orí ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Colquhoun gba ilé ẹjọ́ gíga lọ láti fi òfin dí ohun tí ọwọ́ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kò lè dí.

Bí a bá wò ó láti òkèèrè, ìjà láàárín ẹ̀sìn àti fàájì ni èyí jọ. Àyẹ̀wò fínnífínní fi ohun mìíràn hàn. Onílẹ̀ ní ọgbà, ó ní ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ọjọ́ tí ó bá wù ú ni ó lè gba afẹ́fẹ́. Òfin ọjọ́ Ìsinmi kò dí i lọ́wọ́ ohunkóhun. Ẹni tí kò ní ọjọ́ mìíràn ni òfin náà wúwo lé lórí.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí òpìtàn fi ọwọ́ rọ́ èrò apá kejì tì. Àwọn alátakò sọ pé sítímà kò lè rìn bí kò bá sí ẹni tí ń da èédú sínú iná, ẹni tí ń so okùn mọ́ èbúté àti ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún èrò. Ìsinmi ẹnìkan wá di làálàá ẹlòmíràn. Bí a bá gba ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ adáná ọkọ̀, kí ni yóò dí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti gbà á lọ́wọ́ ahunṣọ? Ìbéèrè yìí lágbára, àwọn ọlọ́kọ̀ kò sì dáhùn rẹ̀.

5. Ọtí, Òfin àti Ivanhoe

Ní 1853 yìí kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé òfin Forbes Mackenzie kalẹ̀, èyí tí ó ti àwọn ilé ọtí Scotland pa ní ọjọ́ Ìsinmi. Òfin náà kò mú ọkọ̀ ojú omi. Kò pẹ́ tí sítímà ọjọ́ Ìsinmi fi di ilé ọtí tí ń léfòó lójú omi. Ohun tí àwọn ọ̀tá ìgbafẹ́ ń wá ni wọ́n rí yìí: wọ́n ní kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkun ni òṣìṣẹ́ ń wá kiri bí kò ṣe ọtí.

Ìtàn sítímà Ivanhoe já irọ́ ẹ̀sùn yìí. Ní 1880 ni ọ̀gákọ̀ James Williamson àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà jáde, wọn kò sì ta ọtí nínú rẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òwò náà yóò wó. Kò wó. Tọkọtaya pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ń wọ̀ ọ́ lọ sí erékùṣù Arran, owó sì ń wọlé. Ní 1882, òfin mìíràn ka títa ọtí ní ọjọ́ Ìsinmi léèwọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ èrò ní Scotland. Òwò ọtí ọjọ́ Ìsinmi dópin, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti jáde kúrò ní ìlú kò dópin.

6. Nígbà tí Àsìkò Di Ọjà Títà

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ni sítímà Clyde bọ́ sí. Ìdọ̀tí ìlú àti ti ilé iṣẹ́ ti mú kí apá òkè odò máa rùn, nítorí náà ó tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn láti wọ ọkọ̀ ojú irin dé etíkun kí wọ́n tó wọ sítímà. Ọ̀nà irin ti dé Greenock láti 1841. Ní 1889, ilé-iṣẹ́ Caledonian ṣí èbúté Gourock, ó sì dá ẹ̀ka sítímà tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta ni ó wá ń bá ara wọn díje lórí omi kan náà. Èrò jàǹfààní: ọkọ̀ yára, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n wákàtí ìsinmi tí òṣìṣẹ́ ti jà fún ti di ohun tí ẹlòmíràn ń tà fún un.

Ewu tí ó wà nínú èyí hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1878, sítímà Princess Alice tí ń kó àwọn onígbàfẹ́ padà bọ̀ wá sílé forí gbárí pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá Bywell Castle lórí odò Thames. Àwọn tí ó kú lé ní 600. Títí di òní, a kò mọ iye àwọn tí ó wọ ọkọ̀ náà gan-an, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ èrò sílẹ̀. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ka iye wọn.

7. Ogun àti Ìlọsílẹ̀

Nínú ogun àgbáyé méjèèjì, ìjọba gba àwọn sítímà ìgbafẹ́ láti fi wọ́n kó bọ́ǹbù inú omi kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní Dunkirk ní 1940, Medway Queen lọ lẹ́ẹ̀meje, ó sì kó nǹkan bí 7,000 ènìyàn. Waverley, ọkọ̀ Clyde tí a kàn ní 1899, rì níbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Wọ́n kan Waverley mìíràn rọ́pò rẹ̀. 1947 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ayé tí ọkọ̀ tuntun yìí bá yàtọ̀. Láti 1954 ni ọkọ̀ tí ń gbé mọ́tò sọdá ti wà ní Clyde. Lẹ́yìn náà ni ìrìn-àjò ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ Sípéènì wọ́pọ̀. Òṣìṣẹ́ ti ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí owó iṣẹ́ ń wọlé sí. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò láti dù ú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní 1973 ni Waverley parí iṣẹ́ lábẹ́ àwọn tí ó ni ín. Ní 1974 wọ́n tà á ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo sítímà alájẹ̀, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1959. Ní 1975 ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ìgbafẹ́.

8. Ìkádìí

Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ Henry Bell nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìtàn yìí. Ọdún méjìdínlógójì ni ó wà láàárín Comet àti òfin tí ó fún àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ aṣọ ní ọ̀sán Sátidé. Onílẹ̀, ìjọ, aṣòfin àti rélùwéè ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn láti sọ ohun tí òṣìṣẹ́ yóò fi àsìkò rẹ̀ ṣe, sítímà sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń hàn sí gbangba.

Ibi kan ṣófo nínú ìtàn náà síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n gba afẹ́fẹ́ lórí ọkọ̀ ni ìtàn ti gbà sílẹ̀, kò gba àwọn tí wọ́n dáná nínú rẹ̀. Ìwé owó iṣẹ́ àti wákàtí iṣẹ́ àwọn adáná wọ̀nyí ni ó yẹ kí ìwádìí tí ó kàn dojú kọ, kí a sì fi wọ́n wé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú sítímà Odò Ọya. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí àwọn alátakò bi ní 1853 yóò rí ìdáhùn tí àwọn ọlọ́kọ̀ kò fún un.