Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ọ̀ràn Ọdẹ́wálé?

Bí a ti ń mú eré ìbànújẹ́ àtijọ́ wá sí orí ìtàgé ìgbà tiwa ni a ó gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ó ti lé ní 2,400 ọdún tí Sophocles, ará Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ eré nípa Ọba Oedipus, ẹni tí ó pa baba rẹ̀, tí ó sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya láìmọ̀. Ní ọdún 1968, Ọlá Rótìmí da aṣọ Yorùbá bo ìtàn náà, àwọn òṣèré Orí Olókun sì ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀. Ó pè é ní The Gods Are Not to Blame, èyí ni pé kí a má ṣe di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà.

Ẹ kíyè sí ibi tí Rótìmí ti yí ìtàn padà. Oríta mẹ́ta ni Oedipus ti pa baba rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò yà fún ẹnìkejì lọ́nà. Ní ti Ọdẹ́wálé, orí ilẹ̀ oko ní Ẹdẹ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Arúgbó tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ bú ẹ̀yà rẹ̀, inú bí i, ó sì pa á. Nígbà tí ó jọba ní Kútùjẹ́, ó rò pé wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun nítorí pé òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Áà! Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bí i.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tí ó sì parí ní 1970, ń jà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣe eré yìí. Yorùbá ni baba Rótìmí, Ìjọ̀ ni ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwọn ìjọba alágbára òkè òkun ni òun fi àwọn òrìṣà ṣàpẹẹrẹ. Àìfọkàntán láàárín àwa fúnra wa ni ó kọ́kọ́ ba ilé jẹ́.

Ẹni tí ó mọ àṣà lè bi wá pé: ṣebí Ifá kì í rí ibi kí ó má yan ẹbọ? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni pé àyànmọ́ nìkan ni ó pa Ọdẹ́wálé run ti dá eré náà padà sí Áténì.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wò ó pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é ní Challenge, ní Ìlọrin. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Tápà àti Bàrùbá ti ń bá ara wọn gbé ní ìlú yìí láti ìrandíran. Kí wọ́n má ṣe sáré kọjá ìjà orí oko náà. Kí ẹ̀ka èdè arúgbó yàtọ̀ sí ti Ọdẹ́wálé, kí èébú náà sì dún ketekete sí etí gbogbo ènìyàn. Bí olùwòran bá rántí ìgbà tí òun pàápàá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí aládùúgbò rẹ̀, eré náà ti dé ilé.

Ó dìgbà kan ná.