Ìṣírò Ọdún Fọ́tò Àtijọ́ ní Ìwó: Ẹ̀rí Iwájú àti Ẹ̀rí Ẹ̀yìn

Bí àwọn ẹbí ní Ìwó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò àtijọ́ kan, aṣọ tí ẹni inú rẹ̀ wọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò, bẹ́ẹ̀ aṣọ gan-an ni ó ń tètè ṣini lọ́nà. Olékú, ìyẹn bùbá àti ìró kúkúrú tí ó gbajúmọ̀ láàrin ọ̀dọ́bìnrin ní nǹkan bí 1965 sí 1975, tún padà sóde lẹ́yìn tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ó Le Kú jáde ní 1997, láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974.

Ẹ̀yìn fọ́tò ni ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù wà. Àwọn ayàwòrán a máa lu òǹtẹ̀ rọ́bà tí ó gbé orúkọ sítúdíò àti àdírẹ́sì wọn síbẹ̀, níwọ̀n bí Ìwó kò sì ti kúrò lójú kan, orúkọ ìjọba tí ó tẹ̀ lé e nínú àdírẹ́sì ni olùwádìí yóò máa wò. “Western State” kò lè ṣáájú 1967, ọdún tí ìjọba ológun pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. “Oyo State” kò lè ṣáájú oṣù Kejì 1976. “Osun State” kò sì lè ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991. Ọjọ́ tí fọ́tò kò lè ṣáájú nìkan ni òǹtẹ̀ ń fi hàn o, nítorí pé kò sí ohun tí ó ní kí ayàwòrán má lo òǹtẹ̀ àtijọ́ títí yóò fi gbó.

Ìṣòro mìíràn ni pé ọjọ́ tí wọ́n tẹ fọ́tò lè jìnnà sí ọjọ́ tí wọ́n yà á, pàápàá nígbà tí àwọn ọmọ bá gbé fọ́tò olóògbé lọ fún ayàwòrán pé kó tún un yà, kó sì sọ ọ́ di ńlá fún ìsìnkú. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, ojú sì lè rí ìlà ibi tí ìwé ti ká lára rẹ̀, síbẹ̀ kí ìka má kan nǹkan kan.

Àwòrán ìbejì gba ìṣọ́ra púpọ̀. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún tí òun àti Ìwó jọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán lè tẹ àwòrán èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, tàbí kí ó wọ aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin fún un tí òkú bá jẹ́ takọ tabo sí i. Ọmọ méjì tí a rí lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní ti àwòrán ìgboro, ọkọ̀ tí ó ń gba apá òsì ti ṣáájú 2 oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà yí sí apá ọ̀tún. Ní ti pósíkáàdì, rélùwéè tí ó gba Ìwó kọjá dé Òṣogbo ní 1907, nítorí náà èyí tí ó bá fi ọkọ̀ ojú irin hàn ní Òṣogbo kò ṣáájú ọdún náà; sítáǹpù tí wọ́n kọ “Nigeria” nìkan sí kò sì sí ṣáájú 1914.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi fóònù ya fọ́tò ẹbí pamọ́, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú férémù, kí ó sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.