Láti Owó Ẹyọ Dé Mólékù: Ìtàn Ìṣírò Kan Tó Ń Fẹ́ Ẹ̀rí

Bí olórìṣà bá da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀, ọ̀nà mélòó ni mẹ́jọ fi lè ṣíjú sókè, kí mẹ́jọ yòókù sì dojú bolẹ̀? Ọ̀nà 12,870 ni, nínú 65,536. Kí a tó rí i, a ní láti sọ 1 × 2 × 3 di púpọ̀ lọ títí dé 16: èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní factorielle, tí a ń kọ ní 16!. Bí owó ẹyọ náà bá wá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ta ni yóò ṣírò rẹ̀ tán?

Abraham de Moivre, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáńtì, tó lọ fi London ṣe ibi ìsádi lẹ́yìn tí ọba fagi lé òmìnira ìjọ wọn ní 1685, ló la ọ̀nà àbùjá. Ní 1730, James Stirling ará Skọ́tílándì fi iye π parí rẹ̀. Lórí ẹyọ mẹ́rìndínlógún wa, àbùjá náà fún wa ní bí 13,073. Àṣìṣe rẹ̀ kò tó 2 nínú 100. Bí iye náà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tí àṣìṣe náà jẹ́ ń dín kù.

Ní 1877, Ludwig Boltzmann ará Ọ́síríà gbé irú ìṣírò yìí lọ sórí gáàsì. Ó ka ọ̀nà tí àwọn mólékù lè gbà pín agbára láàárín ara wọn, ó sì mú ìpín tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ jù lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Àpapọ̀ mólékù pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìpele agbára tó ga, ó lè jẹ́ ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀, tàbí kí ó má sí rárá. Ìlànà kúkúrú tí a fi ń kọ́ni, (n/e)ⁿ, sọ pé 1! jẹ́ bí 0.37, bẹ́ẹ̀ 1 gan-an ni. Báwo wá ni èsì ìkẹyìn ṣe tọ̀nà?

Ní 1922, Charles Galton Darwin, ọmọ-ọmọ Charles Darwin, àti Ralph Fowler ti Cambridge dáhùn. Wọn kò wá ìpín tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ jù lọ mọ́. Wọ́n ṣírò iye ìpíndọ́gba lórí gbogbo ìpín tó ṣeé ṣe. Lọ́nà yìí, àpapọ̀ mólékù nìkan ló ní láti pọ̀, kì í ṣe iye tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Òfin Boltzmann náà ni wọ́n sì bá níbẹ̀.

Ó gba ọdún 45 kí ẹ̀rí yìí tó dé. Nítorí náà, ní kíláàsì wa ní Parakou, kí èsì tó tọ̀nà má ṣe tó wa láìsí ìdí. Nígbàkígbà tí a bá fi iye tó súnmọ́ rọ́pò iye gidi, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: èwo gan-an ló gbọ́dọ̀ pọ̀, báwo sì ni àṣìṣe náà ti tó?