Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Àtẹ Ògiri Kíláàsì Àtijọ́ ní Accra

Bí a bá rí àtẹ àwòrán àtijọ́ kan ní Accra, ìbáà ṣe máàpù, ìbáà ṣe ábídí, ìbáà ṣe àwòrán egungun ara ènìyàn, irú èyí tí olùkọ́ máa ń gbé kọ́ sára ògiri tí yóò sì máa fi ọ̀pá tọ́ka sí, ohun tí a óò gbọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀ kì í bára mu: òǹtajà a ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, olùkọ́ àgbà a ní ayé Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ Gánà, ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ẹ̀rí tó fọ́n káàkiri jọ síhìn-ín.

Láti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ àtẹ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń wá.

Nínú gbogbo ẹ̀rí, lẹ́tà ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Christaller, akọ̀wé-kọ-wúrà tí ó fi ìwé atúmọ̀ èdè Twi lélẹ̀ ní 1881, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Míṣọ́nnì Basel, ìlànà àkọtọ́ ọ̀mọ̀wé Lepsius ni wọ́n tẹ̀ lé, èyí tí ń fi àmì sábẹ́ e àti o gẹ́gẹ́ bí àwa Yorùbá ti ń ṣe títí di òní. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Westermann, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti wá sí Gold Coast, Gánà òde òní, ní 1927 nítorí ọ̀rọ̀ àkọtọ́, ɛ àti ɔ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò àwọn lẹ́tà alámì náà nínú ìwé Twi àti ti Gã. Àwọn kan ń jiyàn pé ilé ẹ̀kọ́ kì í jó àtẹ tí ó ti fowó rà, àti pé lẹ́tà àtijọ́ lè wà lára ògiri fún ogún ọdún lẹ́yìn àyípadà. Òótọ́ ni wọ́n sọ; síbẹ̀, ọjọ́ tí a gbé àtẹ kọ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́, àtẹ Twi tí ɛ bá sì wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fi í sí ayé Christaller.

Máàpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wò. Èyí tí ó bá pe Togo ní ilẹ̀ Jámánì, àwòrán ayé tó ṣáájú 1914 ni ó gbé ró. Gold Coast kò jẹ́ Gánà ṣáájú ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta 1957. Adágún ńlá Volta kò sí kí a tó mọ ìdídò Akosombo ní àwọn ọdún 1960. Burkina Faso kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú 1984. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: òǹtẹ̀wé a máa tún àwo àtijọ́ lò, nítorí náà ohun tuntun jù lọ lórí máàpù ni kí a fi dájọ́. Kí a wo àdírẹ́sì òǹtẹ̀wé pẹ̀lú, nítorí ní 1917 ni wọ́n fi nọ́ńbà kún lẹ́tà àgbègbè London, tí E.C. fi di E.C.4 àti irú rẹ̀. Àtẹ ìrìnnà tí ọkọ̀ inú rẹ̀ bá ń gba ọwọ́ òsì, ti ìgbà tó ṣáájú ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ 1974 ni, ọjọ́ tí Gánà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tí orúkọ Lagos Town bá wà lórí rẹ̀, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ Yorùbá gbé kí òfin tí ìjọba Gánà ṣe lórí àwọn àjèjì ní 1969 tó lé wọn, tí a wá ń pè ní Accra New Town, ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Awò amúǹkantóbi a máa fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àwọ̀ tí a fi ọwọ́ tò sórí òkúta ìtẹ̀wé àti èyí tí ẹ̀rọ fi ẹsẹẹsẹ tó jọra tẹ̀. Ìwé tí ó bá sì tàn bí aró funfun lábẹ́ iná ultraviolet, lẹ́yìn nǹkan bí 1950 ni a ṣe é. Ti igi orí àti ìsàlẹ̀ àtẹ, kò tó ohun tí à ń jiyàn lé. Ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ igi.

Lóde òní rọ́bà tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ló gbòde.

Nítorí náà, mo bẹ ẹni tí àtẹ àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má ṣe gé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ fi í sí férémù, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ òǹtẹ̀wé àti àdírẹ́sì rẹ̀ máa ń wà.