Ẹ̀kú Egúngún ní Ìfọ̀nyìn: Aránṣọ, Ìgbà Òjò àti Ọjọ́ Ìjáde

Ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni, ọ̀nà méjì ni ọdún pín sí fún aránṣọ tí ń rán ẹ̀kú egúngún. Ìgbà òjò ni ìgbà ìjókòó rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń jáde sí gbangba. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí òjò àrọ̀kúrò yóò fi dá ní oṣù kọkànlá, àwọn ìdílé ń kó aṣọ wá bá a díẹ̀díẹ̀: ọ̀pá àrán kan lónìí, ìró ìyá àgbà kan lọ́la, àjẹkù àǹkárá tí a rà fún òkú tàbí fún ìgbéyàwó. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí wọ́n ti kórè tán, tí owó díẹ̀ sì ti bọ́ sí ọwọ́ àgbẹ̀, ìlù yóò dún, ohun tí a fi oṣù mẹ́jọ rán yóò sì di ohun tí gbogbo ìlú ń wò fún ọjọ́ mélòó kan péré.

Ìtàn àwọn ọba àti ti àwọn jagunjagun kò ṣàìní akọ̀wé. Ti aránṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀, kò sí ọdún tí ọba yóò jókòó wò. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta, kò sì ní sí níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni èyí, ohun tí tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin ń fi ojú rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ̀kú kì í ṣe agbádá tí a gé, tí a rán, tí a sì parí. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ibi tí ó súnmọ́ ara jù lọ, aṣọ òfì ni ó wà, tí a hun ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó so ó pọ̀. Irú aṣọ tí a fi ń di òkú àgbà ni, ó sì bò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọ̀n tí a fi ọwọ́ hun wà ní ojú. Lókè ni àwọn abala aṣọ ti ń rọ̀ sílẹ̀ yí ara ká, ìpele lórí ìpele. Abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ oríṣiríṣi aṣọ tí a tò mọ́ ara wọn, tí a sì fi aṣọ pupa tí a gé bí eyín ayùn yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí egúngún bá ń yí bìrìbìrì, gbogbo abala wọ̀nyí á fò sókè, afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì ń fẹ́ sí àwọn ènìyàn lára, ìre ni a kà á sí. Ẹni tí ó bá ń wá ọmọ kì í sá fún afẹ́fẹ́ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí aṣọ náà kàn án.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé a kì í yọ ti àtijọ́ kúrò. Ọdún tí owó bá wà, tàbí tí Ifá bá ní kí ìdílé náà fún baba wọn ní aṣọ, tàbí tí ẹnì kan bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí ẹ̀jẹ́ náà sì ṣẹ, a ó rán abala tuntun mọ́ ọn láti òde. Nítorí náà, ọdún yìí ni ó wà níta, àwọn baba ńlá sì wà nínú. Ẹni tí ó bá mọ aṣọ lè fi ọwọ́ ṣí abala kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó sì máa padà sẹ́yìn: àǹkárá, dàmáàsìkì, àrán, ṣẹ́dà, títí yóò fi kan òfì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọwọ́ tí ó hun ún mọ́.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu so Ìfọ̀nyìn mọ́ Ọ̀yọ́, ẹ̀kú pàápàá sì jẹ́rìí sí i. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Tápà ni Ọ̀yọ́ ti gba awo egúngún. Ní Ọ̀yọ́ yìí kan náà, Alápìíni, tí í ṣe olórí egúngún, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì méje. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé níbikíbi tí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ bá tẹ̀dó sí, egúngún ń bá ọba jókòó: oyè àti òkú jọ ń ṣe ìlú ni.

Ọ̀nà tí aṣọ òkèèrè gbà dé àgbègbè yìí kò mọ́ tónítóní. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, pàápàá ní ìgbà Aláàfin Abíọ́dún, òwò Ọ̀yọ́ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò àti Ànàgó kọjá lọ sí etíkun, sí Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Aṣọ láti ilẹ̀ Íńdíà àti láti Yúróòpù ń gòkè bọ̀. Ẹrú ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń yin àrán àtijọ́ tí ó wà nínú ẹ̀kú ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ó ṣeé ṣe kí a ti fi ọmọ ẹlòmíràn san owó rẹ̀. Nígbà tí òwò ẹrú kú, àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsílì padà sí Àjàṣẹ́ wà lára àwọn tí ó mú iṣẹ́ télọ̀ gbilẹ̀ ní àgbègbè náà. Nígbà tí ó yá, maṣíìnì ìránṣọ alẹ́sẹ̀ dé, ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní oṣù kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọwọ́ ni a fi ń lẹ àwòrán mọ́ aṣọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí ó la ilẹ̀ yìí sí méjì. Kò sí ọmọ Ìfọ̀nyìn kankan ní ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i. Ifangni bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgóló wà ní ìhà ìhín, Ìdíìròkó wà ní ìhà ọ̀hún. Òkú kò mọ ààlà, ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mọ̀ ọ́n. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ní ìhà kan bá rà fún ẹ̀kú baba tí ó wà ní ìhà kejì ti di ẹrù òwò tí a ń gba owó ibodè lórí rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, a kò ṣí ti Ìdíìròkó padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni ó kọjá láàárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá rí baba rẹ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀nà inú igbó ni yóò gbà, bí olè.

Ìṣòro mìíràn ti wáyé ṣáájú ìyẹn. Lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gba ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, tí ó sì sọ orílẹ̀-èdè náà di ti Marx ní 1974, ìjọba gbógun ti àwọn ìsìn ìbílẹ̀, ó ní wọ́n ń fa ìdàgbàsókè sẹ́yìn. Iṣẹ́ àwọn aránṣọ ẹ̀kú kò lè gbèrú ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún ńlá ti Ouidah wáyé ní oṣù kejì 1993, òfin sì sọ ọjọ́ 10 oṣù kìíní di ọjọ́ ìsinmi fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, kí òfin mìíràn tó yí ọjọ́ náà padà ní 2024. Láti ìgbà òfin àkọ́kọ́ ni aránṣọ ti ní ọjọ́ kan lọ́dún tí òun kò lè sún síwájú: gbogbo ìdílé ni ó ń fẹ́ kí ẹ̀kú àwọn wà ní ìmúra kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Iṣẹ́ náà kò yára. Ìpàdé ìdílé ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Níbẹ̀ ni a ti ń pinnu ẹni tí yóò mú aṣọ wá àti àwọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́, níbẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ọmọ tí ó fẹ́ kí aṣọ tòun wà lẹ́yìn. Àwọn obìnrin kò wọ igbó ìgbàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ náà ti ń wá. Wọ́n mọ ojúlówó àrán yàtọ̀ sí ayédèrú ní Dantokpa, wọ́n sì mọ bí a ti ń ná an. Aránṣọ yóò gé, yóò tò ó sílẹ̀ lórí ẹní, yóò wò ó láti òkèèrè, yóò tún un tò. Yóò gé àwòrán ẹyẹ, ti ẹkùn, ti igi, tàbí orúkọ baba tí ẹ̀kú náà jẹ́ tirẹ̀, yóò sì lẹ̀ wọ́n mọ́ aṣọ pẹ̀lú owó ẹyọ àti pàyẹ́tì tí ń dán. Abala kan lè jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì bí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀ nígbà yìí. Aṣọ tí ó ti gba òógùn àti eruku ọ̀pọ̀ ọdún kì í pẹ́ hu nínú ọ̀rinrin. Ìgbàkígbà tí oòrùn bá yọ ní àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, aránṣọ àti àwọn awo á gbé ohun tí a lè gbé síta jáde sí oòrùn níbi tí ojú kò ti pọ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikán ti dé ibẹ̀, wọ́n á fi káńfọ̀ sí i láàárín. Eku ni ó burú jù. (Àwọn àgbà máa ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀: eku jẹ ẹ̀kú, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ àti ohùn orí ọ̀rọ̀ ni ó sì yà wọ́n.) Bí ibi tí ó ya bá wà ní ìpele ìsàlẹ̀, aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní gé e dànù. Yóò fi aṣọ mìíràn tì í lẹ́yìn, yóò sì rán an mọ́ ọn kí ojú òwú má hàn.

Ní ọjọ́ ìjáde, kò sí ẹni tí ó ń wò bí aránṣọ. Ó lè dúró sí ẹ̀yìn èrò, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára ìsopọ̀ kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí. Bí egúngún ẹni bá jóore, orí a yá atọ́kùn. Ti aránṣọ náà ń yá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Àwọn obìnrin ilé á máa ki baba náà, ojú wọn á sì máa wá aṣọ tiwọn. Ìyá kan á rí ìró tí òun fi gbé àkọ́bí pọ̀n tí ó ń fò lókè orí àwọn ènìyàn. Agbo ilé kejì á máa fojú díwọ̀n: abala mélòó ni ó kún un ní ọdún yìí? Ta ni ó rán an? Ìbéèrè kejì yìí ni owó iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀.

Ní Abomey, iṣẹ́ aṣọ àlẹ̀mọ́ rí lọ́nà mìíràn. Ìdílé àwọn aránṣọ bíi Yemadje ń ṣe é fún ọba nìkan. Àmì ọba kọ̀ọ̀kan ni ó wà lára àsíá àti àgbòjò. Lẹ́yìn tí Béhanzin bọ́ sí ọwọ́ Faransé ní 1894, aṣọ wọn di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà, ìyẹn sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ wọn parun. Ẹ̀kú kò lè gba ọ̀nà yẹn là. Aṣọ Abomey tí a bá tà, a lè rán òmíràn bí i tirẹ̀. Ẹ̀kú tí a bá tà ti bá ìran mẹ́rin, márùn-ún lọ.

Ó sì ń lọ. Ní 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní New York fi ẹ̀kú kan ṣoṣo ṣe odindi ìpàtẹ. Aṣọ tí ó wà lára rẹ̀ ju 300 lọ, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti wá. Àwọn onímọ̀ ilé náà padà lọ wá agbo ilé tí ó ni ín, wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó yẹ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n inú yàrá tí ó dákẹ́ ni ó dúró sí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì kan ẹnikẹ́ni lára mọ́. Àwọn ohun ìṣúra Abomey 26 tí Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 jẹ́ ohun tí ogun kó lọ. Ẹ̀kú kò nílò ogun: ọmọ tí ó wà nínú gbèsè, tàbí tí ẹ̀sìn tuntun ti kọ́ láti kórìíra rẹ̀, lè gbé e fún ọlọ́jà lóru.

Ewu mìíràn wà tí kò la títà lọ, ó sì súnmọ́ ilé ju Brooklyn lọ. Nítorí àwọn tí ń wá wòran láti òkèèrè, àwọn ìdílé kan ń fẹ́ ẹ̀kú tí ó fúyẹ́, tí pàyẹ́tì kún, tí a rán ní àrántán láàárín oṣù kan. Ó ń dán lóòótọ́, ojú sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tú ti àtijọ́ láti fi òfì rẹ̀ nu ilẹ̀, ohun tí ó sọ orúkọ àwọn ìyá tí kò sí nínú ìwé kankan ni a tú. Àwọn tí ó ń gbé ní Cotonou, ní Èkó, ní Paris, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé ní oṣù kọkànlá, ní àṣẹ lórí èyí. Wọ́n lè ní kí a rán tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí a má fi í rọ́pò rẹ̀. Wọ́n sì lè ní kí ẹnì kan nínú ilé kọ ọ́ sílẹ̀, abala kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó mú aṣọ wá àti ọdún tí ó mú un wá. Awo kò bàjẹ́ nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí gbangba ni a ti mú aṣọ náà wá.

Ní ọjọ́ kejì ìjáde ìkẹyìn, kí èrò tó túká tán, wọ́n á gbé ẹ̀kú padà bá aránṣọ. Eruku pupa ti bo etí rẹ̀. Yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò ka ibi tí ó ya, yóò ka owó ẹyọ tí ó já bọ́, yóò sì fi òwú funfun ṣe àmì sí ibi tí abala ọdún tí ń bọ̀ yóò wà.