Roy's ní Amboy: Bí Fọ́tò Ṣe Di Ara Ìtàn Òtẹ́ẹ̀lì Aṣálẹ̀

Ẹni tó bá gba òpópónà 66 àtijọ́ kọjá nínú aṣálẹ̀ Mojave, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yóò ti òkèèrè rí pátákó àwòṣífìlà kan tó ga tó mítà 15. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni Roy's. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé epo wà, nínú ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Amboy. Díẹ̀ ni arìnrìn-àjò tó gbé kámẹ́rà dání tí yóò kọjá níbẹ̀ láìdúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ju àwòrán ahoro lọ: ọ̀nà ti yà, òwò ti kú, ìrántí nìkan ló kù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí a bá tọ ìtàn Roy's láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé lára ojú àwọn tó ń kọjá ni ilé náà ti ń jẹ, àti pé fọ́tò ló dá ojú wọn padà sí i nígbà tí ọ̀nà kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ bí Amboy. Ní ọdún 1883, Lewis Kingman, ẹnjiníà tó ń wá ibi tí ojú irin Atlantic and Pacific yóò gbà, to orúkọ àwọn ibùdókọ̀ inú aṣálẹ̀ náà bí lẹ́tà ṣe tò: Amboy, Bristol, Cadiz, Danby, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1926 ni ìjọba dá òpópónà 66 sílẹ̀ láti Chicago wá sí Kalifóníà, ó sì gba Amboy kọjá. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọ̀dá àti ìjì eruku lé àwọn àgbẹ̀ Oklahoma àti agbègbè rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní 1938, Roy Crowl ṣí ilé epo àti ibi àtúnṣe ọkọ̀ sí Amboy. Buster Burris, ọkọ ọmọ rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi ilé oúnjẹ àti yàrá àlejò kún un ní àwọn ọdún 1940. Ìdí òwò náà kò fara sin. Ooru aṣálẹ̀ a máa mú kí omi rédíétọ̀ hó, táyà a máa bẹ́, ìlú mìíràn sì jìnnà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí epo àti táyà kò ṣọ̀wọ́n mọ́, tí àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lọ gbafẹ́ lọ́nà jíjìn, ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì Roy's kì í dilẹ̀.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń sáré kò lè yà sí ibi tí kò rí. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ti aṣálẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ pinnu kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé pátákó ńlá náà nàró ní 1959, tí iná nìyọ́ọ̀nù ń tàn lára rẹ̀ lóru, tí wọ́n sì kọ́ ilé ìgbàlejò onígíláàsì tí òrùlé rẹ̀ dagun sókè bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Irú ọnà ìkọ́lé yìí gbòde ní Kalifóníà lẹ́yìn ogun. Awakọ̀ ni wọ́n ń fi fà mọ́ra. Káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá ọ̀nà fúnra wọn ń tẹ káàdì tí fọ́tò ilé wọn wà lára, kí àlejò lè kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ sílé. Nítorí náà, kámẹ́rà kì í ṣe àjèjì tó dé lẹ́yìn tí ilé ti dahoro. Onílé ló pè é. Nígbà tí Ed Ruscha, oníṣẹ́ ọnà ní Los Angeles, gbé ìwé Twentysix Gasoline Stations jáde ní 1963, tó kó fọ́tò ilé epo 26 jọ láti Los Angeles dé Oklahoma, òwò ẹ̀bá ọ̀nà ṣì ń lọ ní pẹrẹu. Kò ṣe àwọn ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó kàn kọ orúkọ ilé epo àti ìlú tó wà mọ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Ọdún 1973 ni nǹkan yí padà. Òpópónà tuntun, Interstate 40, ṣí sí àríwá Amboy, àwọn ọkọ̀ sì kó lọ síbẹ̀. Ní 1985, ìjọba yọ 66 kúrò nínú àwọn òpópónà orílẹ̀-èdè náà. Bó bá jẹ́ pé epo àti yàrá nìkan ni Roy's ní láti tà, ìtàn rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn aṣefíìmù wá, wọ́n ya apá kan fíìmù The Hitcher, tó jáde ní 1986, níbẹ̀. Àwọn afọ́tò wá, àwọn olólùfẹ́ ọ̀nà àtijọ́ náà sì ń wá láti òkè òkun. Ní 2005, Albert Okura, tó dá àwọn ilé oúnjẹ adìyẹ Juan Pollo sílẹ̀, ra Amboy lódindi lọ́wọ́ opó Burris ní dọ́là 425,000. Ilé epo tún ṣí ní 2008, iná pátákó tó ti kú fún ọ̀pọ̀ ọdún sì tún tàn ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Okura kú ní 2023, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan lè sọ pé owó Okura ló gba ilé náà là, pé fọ́tò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí Okura tó dé, afọ́tò kan láti New York àti ẹnìkejì rẹ̀ ti gba ibẹ̀, wọ́n ń lò ó fún fíìmù àti fọ́tò, síbẹ̀ gbèsè lé wọn kúrò, ilé sì padà sọ́wọ́ ìdílé Burris. Fọ́tò kì í kan òrùlé, kì í sì í gbẹ́ kànga. Àmọ́ ta ni ń ra epo àti ohun mímu ní Roy's lónìí? Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kúrò lórí Interstate 40. Ẹni tó ti rí pátákó náà nínú àwòrán, tó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, ló ń yà. Owó ló tún ilé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí tí ẹnikẹ́ni fi lè ná owó sórí ìlú tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́ ni pé ayé ti mọ ojú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àtakò kejì wúwo jù ú lọ: pé fọ́tò ń parọ́. Ó ń mú kí ìgbà àtijọ́ dà bí ìgbà ìdẹ̀ra fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá òpópónà 66 kì í gba ènìyàn dúdú sùn. Nítorí èyí ni Victor Hugo Green, akólẹ́tà ní New York, fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé Green Book ní 1936, kí arìnrìn-àjò dúdú lè mọ ibi tí wọn kò ti ní lé e. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ló sọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ di èèwọ̀. Pátákó aláràbarà kò lè fi èyí hàn. Bákan náà, iná rẹ̀ tó ń tàn ní ìrọ̀lẹ́ lè mú kí ènìyàn rò pé yàrá ń bẹ láti sùn, nígbà tó jẹ́ pé yàrá náà ṣì wà ní títì pa lẹ́yìn tí iná ti padà dé. Omi abẹ́ ilẹ̀ Amboy níyọ̀, láti ìta ni wọ́n ti ń gbé omi mímu wá, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí ṣíṣí ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì padà ṣòro.

Mo gbà pé ẹ̀sùn náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí a gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí a fi ẹ̀rí ti fọ́tò lẹ́yìn: kí a kọ ọdún àti orúkọ ibẹ̀ sí i bí Ruscha ti ṣe, kí a ya ilẹ̀kùn tó wà ní títì mọ́ pátákó tó ń tàn, kí a sì sọ ẹni tí ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò ṣí fún nígbà kan rí. Ilé tó ń jẹ lára ojú àwọn tó ń kọjá nílò ojú tó ríran kedere. Ẹni tó bá sì ya Roy's tán, kó ra epo níbẹ̀ kó tó lọ, nítorí owó epo náà wà lára ohun tí yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ilé náà lórí ìdúró.